Ọgbẹ́ Tí Kò Ṣẹ̀jẹ̀: Ṣé Ilé Ẹjọ́ Lè Rí I?

Bí ọkọ̀ bá ṣẹ́ èèyàn lẹ́sẹ̀ ní Ìlọrin, kò sẹ́ni tí yóò bi í pé kí ló ń dùn ún. Ojú kúkú rí i. Ẹni tó wa ìwàkuwà á sanwó ilé ìwòsàn, tàbí kí àwọn àgbà ilé rẹ̀ wá dọ̀bálẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Àmọ́ bí ọkọ̀ náà kò bá kan èèyàn rárá ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká sọ pé obìnrin kan ń ta wàrà lẹ́bàá afárá Post Office. Ọkọ̀ akẹ́rù kan, tí ẹni tó ni ín ti mọ̀ tipẹ́ pé bíréèkì rẹ̀ kò dáa, já wọ ẹ̀gbẹ́ títì. Díẹ̀ ló kù kó gbé obìnrin yìí lọ, ó sì pa ọlọ́sàn tó jókòó tì í. Kò sí ojú ọgbẹ́ kankan lára ìyá oníwàrà. Wọ́n fún un lómi mu, wọ́n ní kó lọ sílé lọ dúpẹ́. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, kò tíì lè padà sídìí igbá rẹ̀. Bó bá gbọ́ fèrè ọkọ̀, gbogbo ara á máa gbọ̀n. Kò rí oorun sùn, bó bá sì tòògbé, ọkọ̀ yẹn náà ló ń já bọ̀. Ǹjẹ́ obìnrin yìí lè gba owó gbà-má-bínú lọ́wọ́ ẹni tó ni ọkọ̀?

Ó lè gbà á. Ìdáhùn òfin nìyẹn, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ka ìwé yìí mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí òfin gbà dé ibẹ̀ gùn, àwọn ibi tó há sì ṣì wà lójú ọ̀nà náà. Ká tó dé iwájú adájọ́, ó yẹ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú orí ìyá oníwàrà, torí pé ìyẹn gan-an ni ẹjọ́ rẹ̀ dúró lé.

Nínú ọpọlọ ọmọ èèyàn, ẹ̀yà kékeré kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní amygdala. Ẹ jẹ́ ká pè é ní olùkéde ewu. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti figbe ta kí làákàyè tó ráyè ronú. Bí ewu bá yọjú, olùkéde yìí á ránṣẹ́, àwọn ẹ̀yà ara kéékèèké tó jókòó lórí kíndìnrín á sì tú omi kan tó ń jẹ́ adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Àyà á máa lù kìkì, èémí á yára, ẹ̀jẹ̀ á kúrò nínú ikùn lọ sí ẹsẹ̀ kí èèyàn lè sá. Gbogbo èyí dáa, òun ló ń gba ẹ̀mí là. Bí ewu bá ti lọ, ó yẹ kí ara padà bọ̀ sípò.

Ẹ̀yà mìíràn wà nítòsí rẹ̀ tó ń jẹ́ hippocampus. Èmi á máa pè é ní akọ̀wé ìrántí. Òun ló ń jẹ́ ká mọ̀ pé nǹkan báyìí ṣẹlẹ̀, pé ibi báyìí ló ti ṣẹlẹ̀, pé ọjọ́ báyìí ni, pé ó sì ti parí. Nígbà tí ìpayà bá pọ̀ ju agbára lọ, akọ̀wé yìí kì í ráyè ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ìró fèrè, òórùn dísù, igbe ẹni tó ń kú lọ, gbogbo rẹ̀ á wọlé, ṣùgbọ́n kò ní ní déètì, kò sì ní sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ó ti parí. Ìdí nìyẹn tí fèrè lásán fi lè dá gbogbo rẹ̀ padà, tí ara á sì ṣe bí ẹni pé ọkọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ni. Àwọn tó ń sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kó gbé e kúrò lọ́kàn kò mọ̀ pé kì í ṣe òun ló gbé e sọ́kàn. Ní ọdún 1980 ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ ti Amẹ́ríkà kọ àìsàn yìí sínú ìwé atọ́nà wọn, wọ́n ń pè é ní PTSD. Nínú orí yìí, a ó pè é ní àìsàn àṣẹ́kù ìpayà. Àwọn àmì rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ju oṣù kan lọ kí dókítà tó lè sọ pé òun ló ń ṣe èèyàn. Òun nìkan sì kọ́ ni ìpayà lè fà: ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó di àìsàn náà wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àìsàn yìí ni òfin dì mú. Òfin kì í sanwó fún ìbànújẹ́. Ẹkún, ọ̀fọ̀, ìjayà ọjọ́ méjì mẹ́ta, adájọ́ kà wọ́n sí ara ohun tí gbogbo ọmọ aráyé ń fara dà. Àìsàn tí dókítà ọpọlọ lè dárúkọ, tó sì lè ṣàlàyé bó ṣe bẹ̀rẹ̀, ni òfin ń sanwó fún.

Kì í ṣe báyìí ni òfin ṣe bẹ̀rẹ̀. Òfin àìbìkítà tí à ń lò ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Kwara, ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì la ti jogún rẹ̀. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í ṣe òfin tí ìjọba jókòó kọ, ìdájọ́ tó gun orí ìdájọ́ ni. Ìdájọ́ àkọ́kọ́ tó lókìkí lórí ọ̀ràn wa yìí kò ṣojú rere sí ẹni tí ìpayà bá. Ní Melbourne, ní Australia, ẹni tó ń ṣọ́ ibi tí ọ̀nà ti dábùú ojú irin ṣí ọ̀nà fún tọkọtaya kan nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin wọn nígbà tí rélùwéè ti ń bọ̀. Orí ló yọ wọ́n. Rélùwéè kò kàn wọ́n, ṣùgbọ́n ìyàwó dákú, àìsàn wọlé dé, oyún inú rẹ̀ sì bàjẹ́. Ẹjọ́ náà dé Privy Council ní London, ilé ẹjọ́ kan náà tí ẹjọ́ Nàìjíríà ń lọ parí sí títí di ọdún 1963. Ní 1888, wọ́n ní kò lè gba ohunkóhun: ìpayà tó bá ẹni tí ohunkóhun kò kàn lára jìnnà jù sí àìbìkítà aṣọ́nà. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé bí àwọn bá ṣí ilẹ̀kùn, òpùrọ́ á kún inú kóòtù. Ìmọ̀ nípa ọpọlọ ṣì kéré nígbà náà, àmọ́ obìnrin yẹn ló jìyà àìmọ̀ wọn.

Ọdún 13 péré lẹ́yìn ìyẹn ni ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ní 1901, kóòtù kan ní London gbà pé aboyún tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin já wọlé bá nídìí káńtà ilé ọtí lè pe ẹjọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fara kàn án, nítorí ó bẹ̀rù fún ẹ̀mí ara rẹ̀. Ní 1925, wọ́n fi ìyá tó bẹ̀rù fún ẹ̀mí àwọn ọmọ rẹ̀ kún un. Ní 1932 ni ìdájọ́ Donoghue àti Stevenson wá fi ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀ lélẹ̀: ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe nǹkan tó lè pa ẹlòmíràn lára gbọ́dọ̀ ṣọ́ra nítorí gbogbo ẹni tí ó yẹ kó mọ̀ pé ó lè kàn. Ojúṣe ìṣọ́ra la ó máa pe ìyẹn. Olùpẹjọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé olùjẹ́jọ́ jẹ òun ní ojúṣe yìí, pé ó kùnà rẹ̀, pé ìkùnà yẹn gan-an ló sì fa ìpalára.

Fún ọgbẹ́ ara, èyí tó. Fún ọgbẹ́ ọkàn, àwọn adájọ́ mọ odi kan sí i. Ẹ wo ìdí rẹ̀. Nígbà tí ẹnì kan bá da ata sínú epo tó gbóná jù ní ilé ìdáná, omi á jáde lójú òun fúnra rẹ̀. Àwọn tó wà ní pálọ̀ á máa wúkọ́, àwọn ará ilé kejì á máa sín. Ẹni tó ń kọjá lọ lójú títì á kàn gbóòórùn. Ata kan náà ló kan gbogbo wọn, ṣùgbọ́n bí gbogbo ẹni tó gbóòórùn bá ní kí wọ́n sanwó fún òun, kò sẹ́ni tí yóò lè dáná mọ́. Ibi tí odi máa dúró sí ni àwọn adájọ́ ti ń jà sí láti ìgbà náà.

Wọ́n pín àwọn èèyàn sí ọ̀nà méjì. Ẹni tí ewu náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa fúnra rẹ̀, tàbí tó ní ìdí gidi láti bẹ̀rù pé yóò pa òun, la ó pè ní ẹni-ewu-bá. Ti irú ẹni bẹ́ẹ̀ rọrùn díẹ̀, ìyá oníwàrà wa sì wà lára wọn. Ẹni tí ewu kò bá, ṣùgbọ́n tó rí i bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn, la ó pè ní ẹni-ó-ṣojú-rẹ̀. Ìdí ọ̀ràn tirẹ̀ gan-an ni ìjà wà.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá ọdún 1973, ìyá kan wà nílé rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí ọkọ̀ kan kọ lu ọkọ̀ tí ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ ní bíi máìlì méjì sílé. Ó tó wákàtí kan kí ẹnì kan tó wá sọ fún un. Nígbà tó dé ilé ìwòsàn, wọn kò tíì wẹ̀ wọ́n. Ẹrẹ̀ àti ọ́ìlì wà lára wọn, ó ń gbọ́ igbe ọmọ rẹ̀ láti yàrá kejì, wọ́n sì sọ fún un pé ọmọbìnrin rẹ̀ tó kéré jù, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọmọ ọdún mẹ́ta, ti kú. Àwọn kóòtù ìsàlẹ̀ ní kò sí níbẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ kọ lu wọ́n, kò lè gbowó. Ní 1982, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní London yí i padà. Wọ́n ní ohun tó bá nílé ìwòsàn ṣì jẹ́ apá kan ìjàm̀bá náà, nítorí ó dé kí wọ́n tó nu ẹ̀jẹ̀ kúrò. Lójú tèmi, ìdájọ́ tó ní àánú jù lọ nínú gbogbo ìtàn òfin yìí nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni Hillsborough dé. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 1989, ọlọ́pàá jẹ́ kí èrò pọ̀ jù ní apá kan pápá bọ́ọ̀lù ní Sheffield, èèyàn 97 ló sì bá a lọ nígbẹ̀yìn gbẹ́yín. Tẹlifíṣọ̀n ń gbé bọ́ọ̀lù náà jáde lójú ẹsẹ̀. Àwọn ẹbí tí ọpọlọ wọn kò sinmi mọ́ pe ọlọ́pàá lẹ́jọ́. Ní 1991, àwọn adájọ́ la ìlà tó ṣì wà títí dòní. Ìfẹ́ tímọ́tímọ́ gbọ́dọ̀ wà láàárín ẹni-ó-ṣojú-rẹ̀ àti ẹni tó kú tàbí tó fara pa. Ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, tàbí kó débẹ̀ kété lẹ́yìn rẹ̀. Ojú àti etí ara rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ fi rí i tàbí gbọ́ ọ. Òbí, ọmọ, ọkọ, ìyàwó, òfin gbà pé ìfẹ́ wà. Ẹlòmíràn á fi ẹ̀rí ti tirẹ̀ lẹ́yìn. Ọkùnrin kan wà ní pápá náà lọ́jọ́ yẹn, ọmọ ìyá rẹ̀ méjì kú, kò rí kọ́bọ̀ gbà, nítorí kò mú ẹ̀rí wá pé òun àti wọn sún mọ́ra.

Mo gbà pé odi gbọ́dọ̀ wà. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n mọ èyí sí kò bá agboolé Ìlọrin mu. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló wà níbí tí àbúrò ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá tọ́ dàgbà, tí kò tilẹ̀ mọ ilé tí òbí rẹ̀ ń gbé dáadáa. Ìfẹ́ tó so wọ́n pọ̀ kò kéré sí ti òbí sí ọmọ. Òfin Gẹ̀ẹ́sì kò ti ilẹ̀kùn mọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ̀rí ló ń bèèrè. Nítorí náà, kí lọ́yà mú ẹ̀rí wá: ta ló san owó iléèwé, ta ló gbé e lọ sí ilé kéwú, ta ló ń tọ́jú ta nígbà àìsàn. Ọ̀ràn fóònù tún wà níbẹ̀. Àwọn adájọ́ 1991 ń sọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n tí kì í fi ojú ẹni tó ń kú hàn. Lónìí, ọmọ lè rí òkú bàbá rẹ̀ lórí WhatsApp kí ẹnikẹ́ni tó pè é. Ó yẹ kí adájọ́ wa kan tún ọ̀ràn yìí yẹ̀ wò lójú ayé tiwa.

London fúnra rẹ̀ ń fà sẹ́yìn ni. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ níbẹ̀ sọ pé ọmọ tó rí bàbá rẹ̀ tó ṣubú kú nítorí àìsàn tí dókítà kò rí lásìkò kò lè gba owó ẹni-ó-ṣojú-rẹ̀. Wọ́n ní ìjàm̀bá nìkan ni òfin yẹn wà fún.

Ẹ wá jẹ́ ká gbé gbogbo èyí wá sílé. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2023, ọkọ̀ ojú omi kan rì lórí odò Ọya ní agbègbè Pategi, ní ìpínlẹ̀ Kwara yìí. Inú òkùnkùn ni, àwọn èrò ń bọ̀ láti ibi ìgbéyàwó ní Egboti ní ìpínlẹ̀ Niger. Èèyàn tó lé ní 100 ló kú. Èrò pọ̀ ju ohun tí ọkọ̀ náà lè gbé lọ. Abúlé mélòó kan ló pàdánù ọ̀pọ̀ èèyàn lóru ọjọ́ kan. Bí èèyàn bá fi òfin yìí wò ó, àwọn tó lúwẹ̀ẹ́ jáde jẹ́ ẹni-ewu-bá. Ìyá tó sáré dé etí odò tó bá òkú ọmọ rẹ̀ nílẹ̀ sún mọ́ ìyá ọdún 1973 yẹn gan-an. Ẹ̀gbọ́n tó gbọ́ ọ lórí fóònù ní Ìlọrin, bó ti wù kí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ tó, ìta odi ló wà. Ta ni wọn ó wá pè lẹ́jọ́? Ẹni tó kó èrò jù sínú ọkọ̀ ni àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò lè tó. NIWA, àjọ tí òfin ọdún 1997 gbé ọ̀nà omi orílẹ̀-èdè yìí lé lọ́wọ́, ni àwọn èèyàn máa ń nàka sí tẹ̀ lé e. Pípe àjọ ìjọba lẹ́jọ́ pé kò dá ọkọ̀ dúró jẹ́ òkè tó ga púpọ̀, torí adájọ́ kì í yára gbà pé àjọ jẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ojúṣe ìṣọ́ra. Mo rò pé òkè tó yẹ kí ẹnì kan gbìyànjú láti gùn ni.

Ọ̀nà kan wà tó rọrùn ju èyí lọ, àwọn tó yẹ kó mọ̀ ọ́n kò sì pọ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin ọdún 2018, àwọn adigunjalè ya wọ àwọn báńkì ní Ọ̀ffà. Wọ́n kọ́kọ́ kọ lu àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n pa ọlọ́pàá mẹ́sàn-án, àwọn tó kú lápapọ̀ sì lé ní 30. Ilé Ẹjọ́ Gíga ní Ìlọrin dájọ́ ikú fún márùn-ún nínú wọn ní ọdún 2024. Ẹjọ́ ọ̀daràn nìyẹn, kò wo ọkàn òṣìṣẹ́ tó sá sábẹ́ tábìlì tó ń gbọ́ ìró ìbọn. Ṣùgbọ́n Employee's Compensation Act ti ọdún 2010 wò ó. Abala 8 nínú òfin yìí sọ pé òṣìṣẹ́ tí ìṣẹ̀lẹ̀ ìpayà òjijì lẹ́nu iṣẹ́ bá kó àìsàn ọkàn bá lè gba owó, bí dókítà tí òfin fọwọ́ sí bá jẹ́rìí sí i, bí ohunkóhun kò tilẹ̀ kan ara rẹ̀. Kò ní láti fi hàn pé ọ̀gá rẹ̀ jẹ̀bi. NSITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó o, ló ń san án, láti inú owó tí àwọn agbanisíṣẹ́ ń dá, náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́. Àìsàn tó wá nítorí pé ọ̀gá pa iṣẹ́ èèyàn dà kò sí nínú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi tó ọ̀gá létí láàárín ọjọ́ 14.

Fún ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́, ilé ẹjọ́ wo ni kó gbà lọ? Ìlọrin ní Kóòtù Ṣàríà tó ń gbọ́ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ṣùgbọ́n òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 fi ọ̀ràn ìgbéyàwó, ogún, ọrẹ, wákàfù àti àwọn tó jọ wọ́n sí ìkáwọ́ rẹ̀. Ẹjọ́ àìbìkítà, Ilé Ẹjọ́ Gíga ni tirẹ̀. Adájọ́ ibẹ̀ kò sí lábẹ́ London mọ́, ó lè tẹ̀ lé wọn, ó sì lè yà kúrò bó bá rí ìdí. Ohun tí kò ní yà kúrò lórí rẹ̀ ni ẹ̀rí. Nínú ẹjọ́ Ojo àti Gharoro ní ọdún 2006, abẹ́rẹ́ kán sínú ikùn obìnrin kan nígbà iṣẹ́ abẹ, gbogbo èèyàn sì gbà pé ó kán. Síbẹ̀ ó pàdánù ní Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ, torí kò mú dókítà kan wá láti fi hàn pé àìbìkítà ló fà á. Bí abẹ́rẹ́ tí ẹ̀rọ lè yà ní fọ́tò bá le tó bẹ́ẹ̀, kí la fẹ́ sọ nípa ìpayà tí kò sí ẹ̀rọ tó lè yà á ní fọ́tò?

Ibí yìí ni ẹjọ́ wa ti ń kú kó tó bẹ̀rẹ̀. Bí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀, àgọ́ ọlọ́pàá ni wọ́n ti ń parí rẹ̀. Àwọn ẹbí awakọ̀ á dé pẹ̀lú àlùfáà àti àgbà àdúgbò, wọn á ní kádàrá ni, kí ẹ fọwọ́ wọ́nú. Wọn á san owó òkú, wọn á san owó ẹsẹ̀ tó kán. Ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ ẹni tí kò sùn mọ́. Ilé tirẹ̀ gan-an kì í fẹ́ kó dárúkọ rẹ̀, kí wọ́n má baà ní wèrè ń bẹ nínú ìdílé, kí ọkọ má baà sá fún àwọn ọmọbìnrin ilé. Òfin wa fúnra rẹ̀ kò bá wa dín ìtìjú yìí kù: títí di oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023 tí ààrẹ fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, òfin wèrè láti ayé amúnisìn là ń lò. Èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni má dárí jì. Ẹni tó bá fẹ́ dárí jì, kó dárí jì pẹ̀lú ìmọ̀ ohun tó jẹ́ tirẹ̀.

Nítorí náà, bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ nínú ilé yín, ẹ má dúró kí ó wábi gbà. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ààfáà tàbí pásítọ̀ bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà ọpọlọ ní UITH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin, tàbí ilé ìwòsàn mìíràn tó ní irú dókítà bẹ́ẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ bó bá ṣeé ṣe. Ìwòsàn wà fún un, ìyẹn ló sì ṣáájú owó. Káàdì ilé ìwòsàn tó ní déètì náà ni ẹ̀rí tí adájọ́ máa kọ́kọ́ bèèrè. Ẹ kọ orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀ àti nọ́ńbà ọkọ̀ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ló fà á lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, bí awakọ̀ ọkọ̀ ìjọba tàbí òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ìjọba, ẹ tètè rí lọ́yà: oṣù mẹ́ta péré ni Public Officers Protection Act fi sílẹ̀ láti pe ẹjọ́ náà.